Ráàmù Tí Mo Fi Sínú Kọ̀ǹpútà Tísà Oyèéwọlé

Ràṣídà ọmọ mi,

Mo kí ọ láti ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ara mi le, ara ìyá rẹ náà le, àwọn àbúrò rẹ sì ń bèèrè rẹ lójoojúmọ́. Mo mọ̀ pé á yà ọ́ lẹ́nu pé mo jókòó kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Mo ti gbìyànjú láti fi fóònù sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo bèèrè oúnjẹ, mo bèèrè yàrá tí wọ́n fún ọ, mo sì pa fóònù láìsọ ohun tí mo tìtorí ẹ̀ pè. Ojú ló ń tì mí. Nínú ìwé, mi ò ní gbọ́ ohùn rẹ bí mo ṣe ń sọ ọ́, bóyá màá lè sọ ọ́ tán.

Lọ́jọ́ tí mo sìn ọ́ dé gáréèjì, o ti jókòó sínú mọ́tò kí o tó sọ pé, “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù ni èmi náà máa ṣe é níbẹ̀.” Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣàdúrà fún ọ, mo sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. O rò pé àárò rẹ ló ti ń sọ mí. Kì í ṣe àárò nìkan.

Ilé ìwòsàn ló gbà ọ́ síṣẹ́. Àwọn kọ̀ǹpútà tó wà ní ìkáwọ́ rẹ báyìí, orúkọ aláìsàn ló wà nínú wọn, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú wọn, ìwọ̀n oògùn tí wọ́n máa fún ọmọ ọwọ́ ló wà nínú wọn. Bí o bá ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe é, èèyàn lè kú. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí o mọ bí mo ṣe máa ń ṣe é.

Kí n tó fẹ́ ìyá rẹ, mo kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Òṣogbo. Mi ò tíì pé oṣù mẹ́fà níbẹ̀ tí ọ̀gá fi ní kí n fi ráàmù, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sí fúngbà díẹ̀, kún kọ̀ǹpútà oníbàárà kan. Mo mú èyí tó wà nítòsí. Kò wọlé. Mo fi àtàńpàkò méjèèjì tì í, kò wọlé. Dípò kí n yọ ọ́ kí n wò ó, mo dìde dúró, mo sì fi gbogbo agbára mi tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dún pàkà. Mo rò pé ó ti wọlé nìyẹn. Nígbà tí mo tan iná sí i, òórùn jíjó ló kọ́kọ́ jáde. Ráàmù DDR2 ni mo kì bọ inú bọ́ọ̀dù, pátákó inú ẹ̀rọ, tó ń gba DDR1 nìkan.

Ọ̀gá mi wò ó, kò lù mí, kò bú mi. Ó ní, “Má sọ̀rọ̀ tó bá dé. Iná ló bà á jẹ́.” Nígbà tí oníbàárà dé, ọ̀gá sọ fún un pé iná tí wọ́n mú wá lọ́jọ́ náà ti pọ̀ jù. Ọkùnrin náà bú iná, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wa pé a gbìyànjú. Ara tù mí lọ́jọ́ yẹn, Ràṣídà. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ burúkú.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ sọ fún ọ nìyí. Gbogbo ráàmù ni wọ́n gé níbì kan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ibi tí wọ́n gé ti DDR3 sí kọ́ ni wọ́n gé ti DDR4 sí, ti DDR5 náà sì yàtọ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ọ̀kan má bàa wọ ojú ihò èkejì ni. Ti kọ̀ǹpútà alágbèéká tún kúrú ju ti orí tábìlì lọ. Kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, yọ waya kúrò lára iná, fọwọ́ kan irin ara àpótí ẹ̀rọ náà kí iná ara rẹ lè kúrò, kó o sì gbé ráàmù náà sókè ojú ihò kó o wò ó bóyá ibi tí wọ́n gé bá ibi tó yọ mu. Tí kò bá wọlé wẹ́rẹ́, yọ ọ́. Má dìde dúró.

Ìkejì, orúkọ bọ́ọ̀dù máa ń wà lára bọ́ọ̀dù. Kà á. Àwọn tó ṣe é máa ń kọ irú ráàmù tí wọ́n ti dán wò lórí ẹ̀ síta, ẹnikẹ́ni sì lè rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọdún mélòó ni mo fi ṣiṣẹ́ láìka irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí! Bí oníbàárà bá bi mí, màá ní “Gbogbo ẹ̀ ọ̀kan náà ni.” Kì í ṣe ọ̀kan náà. Níbi tí o wà yìí, ẹ lè ní ẹ̀rọ ńlá tí gbogbo àwọn yòókù ń gba ìsọfúnni látọ̀dọ̀ ẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ráàmù tirẹ̀ tó ń ṣàtúnṣe àṣìṣe ara ẹ̀. Má ṣe yọ ọ́ fi sínú ti orí tábìlì, má sì ṣe fi ti orí tábìlì rọ́pò ẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ìkẹta, ṣùgbọ́n ìkẹta ni mo ti ń sá fún láti òkè lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ Tísà Oyèéwọlé ni.

O mọ̀ ọ́n. Òun ni bàbá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó máa ń wá láti Ọ̀rà, tí á bi ọ́ ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan tí o bá ti kí i tán. Ohun tí o kò mọ̀ ni iṣẹ́ tó ń ṣe nígbà yẹn. Ó ra rẹkọ́dà kékeré kan, ó sì ń kiri àwọn abúlé oko, ó ń gba ohùn àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ ní ẹnu Ìgbómìnà tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò gbọ́ mọ́. Ó gba orúkọ irú iṣu tí ẹnikẹ́ni ò gbìn mọ́, ó gba bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó bá ti oko obì dé. Ti ìyá tirẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ìyá náà ti darúgbó gan-an. Ó sọ bí wọ́n ṣe fi ẹsẹ̀ sin ín wá sí Ọ̀rà nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó, ó dárúkọ gbogbo odò tí wọ́n là kọjá, ó sì dárúkọ àwọn ọmọ tó bí tí wọn kò dúró.

Tísà gbé kọ̀ǹpútà ẹ̀ wá bá mi. Ó ní ó ń falẹ̀, pé bí òun bá ń gbọ́ ohùn ìyá òun kí òun lè kọ ọ́ sílẹ̀, á máa dúró lójijì. Mo ṣí i. Ráàmù kan péré ló wà nínú ẹ̀, gígì mẹ́jọ, tí eré ẹ̀ jẹ́ 2400. Bọ́ọ̀dù náà dára, ó ní ojú ihò mẹ́rin. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n wá irú ráàmù yẹn gan-an kan sí i. Mi ò ní i lọ́wọ́. Ó yẹ kí n ní, “Tísà, ẹ fún mi lọ́sẹ̀ kan.” Ṣùgbọ́n ó ti pè mí ní ọ̀mọ̀wé lójú àwọn oníbàárà méjì tó jókòó, orí mi sì ti wú.

Ráàmù kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mi tí mo yọ lára ẹ̀rọ tó ti kú. Wọ́n kọ 3200 sí i lára. Mi ò dán an wò rí. Mo fi í kún ti Tísà, ẹ̀rọ náà ṣí, àwọn méjèèjì sì ń sáré 2400. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Tí eré ráàmù méjì kò bá dọ́gba, bọ́ọ̀dù á fa èyí tó yára sẹ́yìn kó lè bá èyí tó lọ́ra rìn. Ọ̀nà tó dára ni, kò sì sóhun ìtìjú níbẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ráàmù, eré tó lè sá ni, bí bọ́ọ̀dù àti prósẹ́sọ̀ tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ bá gbà fún un. Kì í ṣe eré tó gbọ́dọ̀ sá.

Tísà wá bi mí pé, “Ṣé ó ti yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ báyìí?”

Ó ti yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo kàn fẹ́ kó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Mo wọ ibi ètò inú bọ́ọ̀dù, ibi tí a máa ń wọ̀ kí ẹ̀rọ tó ṣí, mo sì ti àwọn méjèèjì sí 3200. Ẹ̀rọ náà kọ̀, kò ṣí. Mo tún un ṣe, ó tún kọ̀. Mo fi iná díẹ̀ kún èyí tí ráàmù ń jẹ, nígbà ìkẹta ó ṣí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀rọ yẹn sọ fún mi pé òun ò lè rù ú, mi ò gbọ́. Mo yí ojú ẹ̀ sí Tísà, mo ní, “Ẹ wò ó bó ṣe ń sáré.” Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní kí Ọlọ́run fi kún ọgbọ́n mi.

Ètò tí a fi ń dán ráàmù wò wà lórí fláàṣì mi lọ́jọ́ náà. Ó máa ń gba wákàtí mélòó kan. Mi ò lò ó fún ìṣẹ́jú kan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó pè mí. Ó ní ẹ̀rọ náà máa ń ṣàdédé gbé ojú aró wá tí á sì kú, pé kí ni òun á ṣe. Mo ní kó tún un tàn, pé á mọ́ ọn lára. Ó tún bi mí pé rẹkọ́dà òun ti kún, òun sì ti kó gbogbo ohùn inú ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, òun tún ti ibẹ̀ kó o sórí fláàṣì, ṣé òun lè pa ti inú rẹkọ́dà rẹ́. Mò ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Mi ò bi í bóyá ó ti ṣí wọn gbọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní, “Ẹ pa á rẹ́, Tísà. Ó ti dé ibi ààbò.”

Ó sì pa á rẹ́.

Nígbà tó máa fi gbé ẹ̀rọ náà padà wá, orí itan ló gbé e lé láti Ọ̀rà. Orúkọ àwọn fáìlì náà wà síbẹ̀, ohùn ni kò sí. Àwọn kan ò ṣí rárá. Àwọn kan ṣí, tí wọ́n kàn ń ta bí igi tútù nínú iná. Mo ní kó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Nígbà tó lọ, mo ṣe àyẹ̀wò tó yẹ kí n ti ṣe. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ìlà pupa fi kún ojú ẹ̀rọ. Mo yọ ráàmù tí mo fi sí i, mo dá eré ẹ̀ padà sí bí mo ṣe bá a, mo tún un yẹ̀ wò, kò sí àṣìṣe kankan. Mo jókòó, mo sì mọ̀ pé èmi ni. Ti orí fláàṣì náà ti bàjẹ́, torí inú ẹ̀rọ kan náà ló gbà kọjá. Ohun tí ráàmù bá ti dà rú kó tó dé orí dísíìkì, kò sí ẹni tó lè tò ó padà.

Tísà dé lọ́jọ́ kejì. Ó bi mí pé, “Kí ló ṣẹlẹ̀ sí wọn?”

Ràṣídà, ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyí. Mo ní, “Tísà, ṣé ẹ máa ń pa á bó ṣe yẹ? Ó jọ pé ẹ kàn máa ń yọ waya ẹ̀ ni. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ tẹ ohun tí kò yẹ kí ẹ tẹ̀.”

Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀. Ó ní, “Ó lè jẹ́ èmi ni o. Ojú mi ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.”

Mo mi orí bí ẹni tó ń ṣàánú ẹ̀.

Ó ti ń ronú láti tún ohùn ìyá ẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà òjò ọdún yẹn ni ìyá náà ti dákẹ́. Ó ń jẹun, ó ń wo èèyàn, kò kàn sọ̀rọ̀ mọ́ ni. Kí ọdún náà tó parí ló kú. Mo lọ sí ìsìnkú, mo wà lára àwọn tó kí Tísà kú ìrọ́jú. Lẹ́yìn náà, ó fi iṣu ránṣẹ́ sí mi, ó ní òun fi dúpẹ́ pé kọ̀ǹpútà òun ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìwọ lo gún iyán náà. Mo jẹ nínú ẹ̀, ẹ̀yin náà jẹ, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé èrè irọ́ ni à ń jẹ.

Bàbá rẹ tí o fẹ́ fara wé nìyẹn.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé e mì. Tí Tísà bá wá sí Ìlá, á yà kí mi, màá fún un ní àga, màá sì máa bá a sọ nǹkan mìíràn. Ọ̀rọ̀ tí o sọ ní gáréèjì ni mi ò lè gbé mì. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀rà.

Mo bá a níwájú ilé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí, láti orí ráàmù tó wà nínú dúrọ́ọ̀ títí dórí iṣu. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Mo ti múra sílẹ̀ pé á lé mi. Nígbà tí mo parí, ohun tó sọ ni pé, “Kì í ṣe èmi.” Ó tún ní, “Kì í ṣe èmi.” Mo wò ó, omi ti ń bọ́ lójú ẹ̀.

Ìgbà yẹn ló tó sọ ohun tí mi ò mọ̀ fún mi. Ó ní òun ní àbúrò obìnrin kan, Ìyá Dúpẹ́, tó ń ta obì ní Ìgbájọ. Lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá wọn, obìnrin náà ní kó tan ohùn ìyá àwọn kí gbogbo ẹbí gbọ́. Ó ní láti sọ lójú gbogbo wọn pé òun ti fọwọ́ ara òun pa á rẹ́. Àbúrò ẹ̀ sọ fún un pé ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá àwọn, ó sì lọ dà á nù. Láti ọjọ́ náà, kò wọ ilé ẹ̀ mọ́.

Tísà nu ojú. Ó ní, “Dìde. Ìwọ lo máa sọ fún un.”

A wọ mọ́tò, a gba Ìlá kọjá, a dé Ìgbájọ nígbà tí oòrùn ti ń lọ sẹ́yìn àwọn òkè. Ìyá Dúpẹ́ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa obì. Kò dáhùn nígbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kí i. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣa obì ẹ̀ lọ, kò wò mí. Ìgbà tí mo dé ibi tí mo ti sọ fún Tísà pé ó lè jẹ́ òun ló tẹ ohun tí kò yẹ, ọwọ́ ẹ̀ dúró.

Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó ní, “Kí ló dé tí ẹ fi gbà pé ẹ̀yin ni?”

Tísà ní, “Ó mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ. Mo gbà á gbọ́.”

Obìnrin náà gbé obì ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà, ó ní, “Ẹ wọlé, bùọ̀dá mi. Ẹ ò tíì jẹun.” Tísà bọ́ bàtà, ó sì wọlé.

Ó wá ku èmi pẹ̀lú ẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó forí jì mí. Ó ní, “Ṣé o lọ́mọ?”

“Mo lọ́mọ, mà.”

“Ṣé wọ́n mọ̀?”

Mo ní wọn ò mọ̀. Mo ní àkọ́bí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí gan-an ní ilé ìwòsàn.

Ó ní, “Sọ fún un kí o tó wá bẹ̀ mí. Ó rọrùn kí o dọ̀bálẹ̀ fún àwa, nítorí a kì í bá ọ gbélé. Lọ sọ ọ́ níbi tí á ti dùn ọ́.” Ó dìde, ó wọlé, ó sì fa kọ́tìnnì.

Mo dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Mò ń gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì nínú ilé, ẹnu Ìgbómìnà ni wọ́n ń sọ, ẹnu ìyá wọn, èmi tí mo jẹ́ kí ohùn ìyá náà pa rẹ́ sì wà níta.

Ọmọ mi, èyí tó kù nínú ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ráàmù méjì tí o bá fi sínú bọ́ọ̀dù, jẹ́ kí wọ́n jẹ́ irú kan náà, kí wọ́n ti inú páálí kan náà wá tó bá ṣeé ṣe. Wo ìwé bọ́ọ̀dù kó o mọ ojú ihò tí wọ́n máa bọ́ sí, torí kì í ṣe gbogbo ibi tó bá ṣófo ló tọ́. Tí wọ́n bá ní kí ẹ̀rọ yára jù bó ṣe lè ṣe lọ, sọ fún wọn pé kò lè ṣe é. Ní ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ tó lọ́ra tó sì ń sọ òtítọ́ ni kó o máa fún wọn. Má dá ẹ̀rọ kankan padà fún dókítà láìṣe àyẹ̀wò ráàmù ẹ̀ tán, bí wọ́n tilẹ̀ dúró tì ọ́. Má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó pa nǹkan rẹ́ tí o kò bá tíì fi etí ara rẹ gbọ́ ẹ̀dà ẹ̀, tàbí kí o fojú ara rẹ rí i.

O máa ṣe àṣìṣe. Mi ò lè gbàdúrà pé kó má ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, má dárúkọ iná, má sì wo ọwọ́ oníbàárà. Lọ bá ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ náà gan-an, kó o ní, “Èmi ni mo ṣe é.” Sọ ọ́ kó o tó mọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún ọ. Tí wọ́n bá lé ọ kúrò, máa bọ̀ nílé. Ojú á tì ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò ní tì ọ́ fún ọdún mẹ́fà.

Ìyá rẹ ti ka lẹ́tà yìí. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀ látàárọ̀. Ohun tó ní kí n ṣe ni pé kí n má yọ ọ̀rọ̀ iṣu kúrò, torí mo ti fẹ́ yọ ọ́. Bí o bá bínú sí mi, ó tọ́ sí ọ. Mi ò ní sọ pé o ò bọ̀wọ̀ fún mi. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ pa ẹnikẹ́ni lára.

Mo ti sọ fún ọ báyìí. Lọ́la, màá padà sí Ìgbájọ lọ bẹ Ìyá Dúpẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ.